Plásítà Ẹ̀yìn Kámẹ́rà Dádì

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ìka mi dúdú bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí sí yín. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi èèpo òroḿbó tí ẹ máa ń lò fọ̀ ọ́, íǹkì náà kò lọ, abẹ́ èékánná ló fara pamọ́ sí. Tí ẹ bá wà nílé ni, ẹ ò bá ti ní kí n mú ọwọ́ wá kí ẹ wò ó, kí ẹ wá máa rẹ́rìn-ín, torí pé bí ọwọ́ tiyín náà ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. Oògùn tí ẹ fi ń fọ fọ́tò ti pa èékánná yín láró, òórùn háípò, oògùn tí kì í jẹ́ kí fọ́tò ṣá, kì í sì í kúrò lára yín, kódà lọ́jọ́ Sunday tí ẹ bá ti wẹ̀, tí ẹ ti fín lófíńdà, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Dádì, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tí mo ti ń gbé e kiri nínú. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè dá mi lóhùn. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi láyà láti kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Festac. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Gbogbo ọmọ tí a bí sínú ìdílé yìí ló ní fọ́tò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ yà á, ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́, dúdú àti funfun ni gbogbo wọn, férémù kan náà, ìwọ̀n kan náà. Bọ̀dá mi àgbà ló ṣíwájú, èmi tẹ̀lé e, lẹ́yìn mi ni Kúnlé, lẹ́yìn Kúnlé ni àwọn ọmọ mẹ́ta tí Bọ̀dá àgbà bí. Gbogbo ayé ti ń ya kọ́lọ̀, ẹ ò gbà. Ẹ ní kọ́lọ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn wo aṣọ ọmọ dípò kó wo ojú ọmọ.

Nígbà tí oyún mi pé oṣù méje, ẹ gbé àga, ẹ kan ìṣó mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọmọ Bọ̀dá àgbà tó kéré jù. Mọ́mì bá yín jà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ta ló ń kan ìṣó de ọmọ tí kò tíì dé. Ẹ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹ kàn ní, “Ó wà lọ́nà ni, á dé.” Ẹ mọ irú ẹ̀rù tó máa ń bà mí. Ìṣó yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá kí yín ni mo máa ń fọwọ́ kàn án tí mo bá ń kọjá lọ sí kíṣìnì, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́. Ǹjẹ́ ẹ rí mi rí?

Ọmọ dé. Ọ̀dọ̀ yín la ti sọ ọ́ lórúkọ torí pé yàrá méjì tí èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Raji Rasaki kò lè gba èrò. Ẹ̀yin lẹ fún un ní Fèyíṣayọ̀. Gbogbo ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, mi ò sùn. Bí ó bá ń sunkún, ẹ̀rù á bà mí; bí ó bá dákẹ́, màá gbé ìka síwájú imú rẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ń mí. Mo ń se gbogbo nǹkan lórí iná, títí kan ohun tí kò yẹ ní sísè. Mo ti gbọ́ ìtàn ọmọ kan tí píìnì nápíkìn ṣí mọ́ nídìí, ló bá gún un níkùn. Mo bá kéde fún gbogbo ilé pé ẹni tó bá fi píìnì di nápíkìn ọmọ mi, èmi àti onítọ̀hún ni.

Mọ́mì ní, “Píìnì la fi di tìrẹ náà. Ìwọ rèé, o kú ni? O ń pariwo lé wa lórí.”

Ẹ rẹ́rìn-ín títí dígí fi bọ́ láti orí iwájú yín. Orí iwájú yẹn náà lẹ máa ń gbé e sí, tí ẹ ó wá máa wá a káàkiri ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí àlejò tó dé, mo gbé ọmọ lé yín lọ́wọ́ nítòsí fèrèsé, mo lọ wẹ̀. Mo wẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí mo jáde, ẹ ti tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí funfun, ẹ ti yà á bíi ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nápíkìn wà nídìí rẹ̀, ó dúró dáadáa. Mi ò bi yín pé kí lẹ fi dì í. Àyà ọmọ ni mò ń wò, bóyá ó ń lọ sókè sódò. Lẹ́yìn náà, mo wọṣọ fún un, àwọn èrò ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, ẹ sì ń yà wọ́n lọ títí.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn lẹ lọ. Ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ jókòó sórí àga yín ní báńkóńì, dígí wà ní orí iwájú. A rò pé ẹ ń sùn. Mo gbé Fèyí wá kí n gbé e lé yín lẹ́sẹ̀. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó wo ojú yín dáadáa. Dádì, ṣé ẹ gbọ́ nígbà tí mo pè yín? Mo pè yín púpọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rèé.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a sin yín, Mọ́mì ní kí n bá òun ká aṣọ yín. Kámẹ́rà yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú báàgì aláwọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà tó ń ka fọ́tò lórí rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí mo wà ní JSS, nítorí náà plásítà nìkan ni gbogbo wa gbà gbọ́. Bí ẹ bá ti ki fíìmù sí i, ẹ ó gé plásítà funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ egbò, ẹ ó fi báírò kọ FÍÌMÙ WÀ NÍNÚ sí i, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Bí plásítà bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ òfin yẹn.

Mo yí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà wò. Kò sí plásítà.

Mi ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan, Dádì. Mo kàn fẹ́ ṣí i kí n fi imú sí i ni. Mo rò pé òórùn yín á wà nínú rẹ̀. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, oòrùn wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fa ìdè rẹ̀ sókè, ó ṣí, mo sì rí fíìmù ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tí ẹ kò tíì fọ̀, ó wé mọ́ ara rẹ̀, ó ń dán.

Èmi, ọmọ fọtógíráfà. Èmi tí mo ti ń bá yín wọ dáákùrúùmù, yàrá òkùnkùn tí ẹ ti ń fọ fọ́tò, láti ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ẹ kọ́ láti máa kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé. Mo pa á dé. Ó pẹ́ tó bí ẹni ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, bí ẹ ṣe máa ń kà á sókè tí iná bá ń tàn sórí bébà. Mọ́mì kò wo ẹ̀yìn, ó ń ká ṣòkòtò yín. Mo dá kámẹ́rà padà sínú báàgì, mo sì ń bá a lọ láti ká aṣọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Inú bí mi sí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Òfin tí ẹ kò yẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kí ló dé tó fi jẹ́ fíìmù ọmọ tèmi lẹ yẹ̀ ẹ́ lé lórí? Mo bi yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo bi yín níbi tí mo ti ń fọ nápíkìn.

Mo gbé fíìmù náà lọ fún Bọ̀dá Rámónì, ọmọ iṣẹ́ yín àtijọ́ tó ní láàbù lójú ọ̀nà Agboju. Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́ nínú agolo, bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí mo padà lọ, ó na fíìmù náà sókè sí iná fún mi. Ó dúdú bí igi tí iná jó.

Ó ní, “Àbúrò, fíìmù yìí rí oòrùn.”

Mo ní, “Ẹ̀hẹ́n?” bí ẹni tí kò gbọ́n.

Ó wò mí. Ó mọ̀. Ẹni tí ẹ bá kọ́ níṣẹ́ kò ní ṣàìmọ̀. Ó ní, “Ó ku méjì ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn la kọ́kọ́ yà, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n wé sí, ìmọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan mì. Ọ̀kan dáa díẹ̀.” Ó gé méjèèjì, ó fi wọ́n sínú àpò bébà, ó ní òun á tọ́jú wọn.

Mo délé. Mọ́mì bi mí pé fọ́tò dà. Ẹnu mi ló sọ ọ́, Dádì, kí n tó mọ̀. Mo ní láàbù ló bà á jẹ́.

Ẹ mọ Mọ́mì. Ó gbé fóònù lójú ẹsẹ̀. “Rámónì! Iṣẹ́ tí ọkọ mi kọ́ ẹ, òun náà lo fi bà á lórúkọ jẹ́! Gbogbo fíìmù tí o ti ń fọ̀ láyé ẹ, èyí tí ò ní ṣeé tún yà mọ́ lo rí bàjẹ́!” Mo dúró níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn Bọ̀dá Rámónì nínú fóònù, ohùn tín-ín-rín. Kò sọ pé kì í ṣe òun. Ohun tó ń sọ náà ni, “Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ẹ má bínú, mà.”

Láti ọjọ́ náà, bí Bọ̀dá Rámónì bá kí Mọ́mì lọ́nà, Mọ́mì kì í dáhùn. Bọ̀dá ò sì yéé kí i. Mo sì ń wò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìrántí ọdún kan yín ló wá lé mi jáde. Bọ̀dá àgbà àti Kúnlé ń bọ̀ wálé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mọ́mì ń tún ilé ṣe, ó wo ìṣó yẹn, ó ní òun á ní kí káfíńtà yọ ọ́, pé ìṣó tí kò gbé nǹkan kan máa ń dà bí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu arúgbó. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.” Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe. Mo pọn Fèyí, mo gba Agboju lọ.

Bọ̀dá Rámónì ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó fi ń tẹ kọ́lọ̀ gbìyànjú fún mi. Dádì, ẹ ò bá bínú. Ojú ọmọ jáde ní àwọ̀ ewé bí ẹni tí ibà ń ṣe, apá òsì tí ìmọ́lẹ̀ wọ̀ sì funfun báláú, nápíkìn, ìrọ̀rí, gbogbo rẹ̀ di ohun kan náà. Dáákùrúùmù yín náà kò ṣeé lò mọ́. Ìdọ̀tí ti dì sójú gíláàsì ẹ̀rọ tí ẹ fi ń sọ fọ́tò di ńlá, bébà rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́.

Bọ̀dá rò ó títí. Ó wá ní òun ní pírínítà oníńkì kan tó jẹ́ tòkunbọ̀ tí òun ò lò mọ́. Ó ní ohun tó ń sọ ojú ọmọ di ewé ni pé pírínítà kì í ní àwọ̀ eérú lọ́wọ́. Pupa, búlúù àti yẹ́lò ló ń pò pọ̀ láti fi tàn wá jẹ, bí ọ̀kan bá sì fi díẹ̀ ju èkejì lọ, àṣírí tú. “A máa kó gbogbo kọ́lọ̀ inú ẹ̀ dànù. Dúdú oríṣiríṣi la máa fi rọ́pò wọn, èyí tó ki, èyí tó fẹ́lẹ́. Láti òní lọ, kò gbọ́dọ̀ mọ pupa mọ́ láyé ẹ̀.”

Ó gbé e wá sílé mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà ọkọ mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ fọ àwọn ilé íǹkì kéékèèké náà mọ́ títí omi tó ń jáde kò fi ní ní àwọ̀ kankan, kí n sì fi omi gba ọ̀nà tí íǹkì ń gbà, kí òun tó padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ bí ìgbà tí mo ń fọ fídà ọmọ. Bọ̀dá dé, ó tẹ ìlà ìdánwò, ìlà náà já jálajàla.

“Àbúrò, omi wo lo fi fọ̀ ọ́?”

“Omi ẹ̀rọ ni.”

“Omi ẹ̀rọ ilé yín yìí? Èyí tó ń sọ báfù di pupa? O ò kúkú fi gàrí kún un!”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bọ̀dá rán an lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe bátìrì mọ́tò ní ìta kó ra omi bátìrì wá. Ó ní, “Omi rẹ̀ o, kì í ṣe ásíìdì,” torí pé omi yẹn ni kò ní ìdọ̀tí kankan nínú. A tún gbogbo rẹ̀ fọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko la fi yọ ìpẹtà tí mo kó sí i. Nígbà tó mọ́, a po íǹkì. A fi ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe dúdú tó. A fi omi méjì la ọ̀kan. A fi mẹ́fà la ọ̀kan. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù, omi bí ogún la fi là á, ó wá dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Síríǹjì tí mo fi ń fún Fèyí ní oògùn la fi ń wọ̀n ọ́n. Bọ̀dá ki síídì kan bọ kọ̀ǹpútà, fọ́tò Fèyí tó fi ẹ̀rọ dà kọ láti ara fíìmù wà nínú rẹ̀, ètò kan sì wà níbẹ̀, òun ló ń sọ fún pírínítà pé ilé yìí kì í ṣe ti pupa mọ́, ti eérú fẹ́lẹ́ ni.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo fẹ́ kú. Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà díẹ̀ báyìí, Fèyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di àga mú rìn ti na ọwọ́ sí ìgò tó wà létí tábìlì. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ẹnu rẹ̀ dúdú kirikiri, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú eyín méjì. Mo gbé e, mi ò wọ bàtà, mo sáré dé ọ̀dọ̀ ìyá oníkẹ́mísìtì wa. Ìyẹn la ẹnu rẹ̀, ó wò ó, ó fi òwú nù ún, ó bi mí pé kí ni wọ́n fi ṣe íǹkì náà, ó ní kó jókòó ti òun fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ìyá Fèyí, ẹnu ló dúdú, inú ò dúdú. Máa gbé e lọ. Ìwọ ni mi ò bá fún ní oògùn.” Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Kì í ṣe nítorí íǹkì. Mo rò ó pé ẹ̀yin ni mo fẹ́ sáré lọ bá, mo sì ti yà sí ọ̀nà Festac kí n tó rántí.

Bọ̀dá kọ́kọ́ tẹ díẹ̀ lára fọ́tò náà sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ ṣe máa ń gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ fi dán iná wò kí ẹ má bàa fi odidi ṣòfò. Àkọ́kọ́ dúdú jù. Èkejì dára lójú, ṣùgbọ́n apá tí ìmọ́lẹ̀ wọ̀ ṣì ṣófo. Bọ̀dá yíjú sí mi. Ó wá ní, “Kí ni ọ̀gá máa ń sọ nípa funfun?”

Mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo bá ń bá yín di igi ìgbálẹ̀ tí ẹ lẹ páálí mọ́ lórí mú, tí ẹ fi ń ṣíji bo ojú èèyàn inú fọ́tò lábẹ́ iná, ẹ máa ń sọ pé ẹnikẹ́ni lè tẹ dúdú, inú funfun la ti ń mọ ẹni tó mọ fọ́tò. Ẹ ní funfun ìrọ̀rí kì í ṣe funfun ẹ̀wù, funfun ẹ̀wù kì í ṣe funfun eyín.

Bọ̀dá fi àtẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà lé mi lọ́wọ́. Ó fi hàn mí bí màá ṣe yí apá ibi funfun nìkan ká, kí n máa kùn ún díẹ̀díẹ̀, kí eérú fẹ́lẹ́ yẹn lè rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń kà á sókè láìmọ̀: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bọ̀dá gbọ́. Ó yíjú sí ojú fèrèsé.

A fi bébà tó dára jù sí i, èyí tí kì í dán. Ọ̀sán ni, ọkọ mi tan jẹnẹrétọ̀. Fọ́tò náà ń jáde díẹ̀díẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan. Kì í ṣe bíi tiyín tó máa ń yọ láti inú omi lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Orí rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, irun rẹ̀ tó tẹ́ pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ tó dì, ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ewé lójú ẹ̀, Dádì. Ọmọ mi ni. Ìrọ̀rí ní ìwú, nápíkìn ní òwú. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé.

Nǹkan kan wà lára nápíkìn náà, lápá òsì, nítòsí ìdodo. Funfun lórí funfun. Mo kọ́kọ́ rò pé ìpẹtà omi mi ni. Mo fi í súnmọ́ ojú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ méjèèjì gé gbọọrọ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí píìnì ì bá wà. Ìkọ̀wé wà lórí rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí òjìji irun, lẹ́tà ńlá, A yín tí kì í ní ẹsẹ̀ tó dọ́gba.

FÍÌMÙ WÀ NÍNÚ.

Mo fi ìka hàn Bọ̀dá Rámónì. Ó yọ dígí rẹ̀, ó tún un fi sójú. Ó ní, “Báírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Búlúù kì í fẹ́ hàn lójú fíìmù.” Ó tún ní, “Ọ̀gá ti ki fíìmù láàárọ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá nǹkan tí wọ́n máa fi dì í, wọn ò rí. Wọ́n bá bó èyí tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà.”

Èmi ni mo ní kí wọ́n má fi píìnì kan ọmọ mi, Dádì. Èmi ni.

Mi ò jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì. Mo gbé fọ́tò náà lọ bá Mọ́mì ní kíṣìnì níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, mo sọ gbogbo rẹ̀, ti fèrèsé, ti oòrùn, ti irọ́ tí mo pa mọ́ Bọ̀dá Rámónì. Mọ́mì nu ọwọ́, ó gba fọ́tò náà, ó wò ó títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ló ń bá wí.

“Èmi ni mo bó o kúrò. Nígbà tí mò ń fọ nápíkìn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní ta ló ń lẹ plásítà mọ́ nápíkìn bí ẹni lẹ egbò. Mo jù ú nù.” Ó wá jókòó sílẹ̀ pátápátá, ó sì sunkún. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mi ò tíì rí i kó sunkún báyẹn.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n pe Rámónì wá. Bọ̀dá dé, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù ń bà á. Mọ́mì ní, “Dìde. Rámónì, ṣé o ò lẹ́nu ni? Gbogbo èébú tí mo bú ẹ lọ́dún kan?”

Ó ní, “Mọ́mì, ọmọ ọ̀gá mi ni. Kí ni mo fẹ́ sọ?”

Mọ́mì bu oúnjẹ fún un nínú àwo yín. Ó jókòó ti i títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi, pé ó dà bí ọwọ́ mẹkáníìkì.

Fọ́tò náà ti wà lórí ìṣó báyìí. Bọ̀dá Rámónì ló gbé e kọ́. Apá òsì rẹ̀ ní ìlà funfun kan tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí oòrùn yàrá yín ti wọ̀ ọ́. Bọ̀dá ní òun lè bò ó. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Àmì ìka tèmi nìyẹn. Fèyí kò mọ ara rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá férémù náà, ó ń pè é ní “bébì.” Bí àwọn yòókù bá dé fún ìrántí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fi plásítà náà hàn wọ́n, màá sì sọ fún wọn ohun tí mo ṣe.

Kámẹ́rà yín wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mi ò lẹ nǹkan kan mọ́ ọn.

Odidi ọdún kan ni mo fi bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò fi lẹ plásítà. Mi ò ní bi yín mọ́. Ìbéèrè tó kù mí kù ni pé, kí ni àwọn nǹkan yòókù tí ẹ ti ṣí kúrò lára ohun tiyín, tí ẹ lẹ̀ mọ́ wa lára, tí a fọ̀ dànù láìwò ó? Dádì, ṣé wọ́n pọ̀?

Ẹ sinmi. Ọmọ ń mí dáadáa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí íǹkì ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.